Kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Àgbà àti Ọ̀rọ̀ Kan Lára Ilẹ̀kùn

Ẹ má bínú, ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí láti ara ilẹ̀kùn. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé ojú rẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ rí kí ẹ tó mọ irú ẹni tó jẹ́. Ní ti Ọ̀gbẹ́ni Bọ́láwárìn Ikúbọlájẹ́, ẹ ní láti kọ́kọ́ mọ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Ilé-iṣẹ́ Ìwé Atọ́nà, ní Ring Road, n'Ìbàdàn, níbi tí ogójì òṣìṣẹ́ ti ń pín ìwé kíkà fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sára rẹ̀ pé: ADELÉ Ọ̀GÁ ÀGBÀ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Méjì tó gbẹ̀yìn dùn mọ́ baba yìí bí oyin, àmọ́ èyí àkọ́kọ́ kì í jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Ọdún méjì àbọ̀ ló ti fi ń ṣe adelé. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó gbé kàlẹ́ńdà ọdún 1999 kan kọ́ sórí ọ̀rọ̀ náà gan-an, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ á ka "Ọ̀gá Àgbà" nìkan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ṣí ilẹ̀kùn, atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù a ti kàlẹ́ńdà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, "Adelé" a sì yọjú síta bí ọmọ tí wọ́n ní kó má jáde síwájú àlejò.

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ni ọkọ̀ rẹ̀ máa ń ti Bódìjà dé. Gbogbo òṣìṣẹ́ a tò sẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kan a gba báàgì, ẹnì kejì a gba ìwé ìròyìn, ẹnì kẹta a gba awò ojú. Tí ọ̀gá bá wá jókòó tán, kò ní lè ka ìwé ìròyìn àfi tí ẹni tó gba awò bá gun àtẹ̀gùn dé, ẹsẹ̀ sì máa ń dun ẹni yẹn. Ọ̀gbẹ́ni Àjàmú, olórí àwọn akọ̀wé, ló ń darí ètò yìí. Mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn tí Àjàmú ń ṣe ju "bẹ́ẹ̀ ni, sà" lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn, ó mọ̀ ọ́n ṣe, kò sì pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí.

Ní àárín ọdún náà, gbogbo ayé ń pariwo pé bí ọdún 2000 bá wọlé, orí àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ yóò dàrú, wọn yóò rò pé ọdún 1900 ló dé. Mẹ́rin irú rẹ̀ ló wà ní Atọ́nà: ọ̀kan ní sítọ́ọ̀, ọ̀kan ní yàrá títà, ọ̀kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣètò owó oṣù, ọ̀kan fún lẹ́tà. Mẹ́ta nínú wọn ń tòògbé láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Ti sítọ́ọ̀ nìkan ni kì í sinmi, ṣùgbọ́n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń mu iná, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń bàjẹ́. Ni ìgbìmọ̀ alákòóso bá fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ra tuntun.

Wùnmí ló ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà náà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde ní yunifásítì tí kò sì tíì kó kúrò ní Àgbowó. Òun ló lọ bá ọ̀gá àgbà.

"Sà, ẹ má wulẹ̀ ra mẹ́rin. Ẹ ra ọ̀kan tó lágbára. Ètò tuntun kan ti jáde lókè òkun báyìí tó lè mú kí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé mẹ́rin ni. Ó dà bí ilé oníyàrá mẹ́rin, sà. Kálukú á ti ilẹ̀kùn tirẹ̀, á máa rò pé òun nìkan ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òrùlé kan ló bo gbogbo wọn. Èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ bá pọ̀, a ó fún un ní yàrá ńlá. Èyí tí kò ṣe púpọ̀, a ó fún un ní kékeré. Iná kan náà, amúlétutù kan náà, wáyà la ó sì fi so ó mọ́ ojú ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì kálukú."

Nínú gbogbo àlàyé yìí, "ọ̀kan tó lágbára" nìkan ló wọ ọ̀gá àgbà létí. Ó rò pé òun ni ọmọ náà ń ṣàpèjúwe. Ó fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tó mú kó yára. Wọ́n ti ta á lólobó pé ní oṣù kẹsàn-án, alága ìgbìmọ̀, ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Jẹ́jẹ́lọlá, yóò wá wo ẹ̀rọ tuntun náà, àti pé ọjọ́ náà gan-an ni màmá yóò pinnu bóyá kí wọ́n yọ "Adelé" kúrò lórí oyè rẹ̀ tàbí kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Láti ìgbà náà, Ikúbọlájẹ́ kò ní ìrònú méjì. Ó ti lọ tẹ káàdì ìdánimọ̀ tuntun tí kò sí "Adelé" nínú rẹ̀, ó kó o pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀, ó ń dúró de ọjọ́ náà.

Ẹ̀rọ dé. Wùnmí ní kí wọ́n gbé e sí yàrá kékeré kan nísàlẹ̀. Ọ̀gá àgbà ní èèwọ̀, ẹ̀gbẹ́ àga òun ni kí wọ́n gbé e sí, kí wọ́n sì fi aṣọ àrán bò ó. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ tán, ó ká aṣọ náà sókè.

"Ó dáa. Àwọn mẹ́rin ọ̀hún dà?"

"Wọ́n wà nínú rẹ̀, sà."

"Ṣí i, kí n rí wọn."

Wùnmí tú ìdérí rẹ̀. Fáànù kan ń yí nínú rẹ̀, wáyà sì lọ́ mọ́ ara wọn. "A ò lè fojú rí wọn, sà. Iṣẹ́ wọn nìkan la ó máa rí."

Ọ̀gá àgbà wo inú ẹ̀rọ, ó wo Àjàmú. Àjàmú ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń yọrí sọ́tùn-ún sósì. "Háà! Mo ti rí mẹ́ta, sà. Ìkẹrin ló ń tijú yín."

"Èmi náà ti rí wọn," ni ọ̀gá àgbà wí. "Èwo ni tèmi nínú wọn?"

"Kò sí tiyín níbẹ̀, sà," Wùnmí dáhùn, ọmọ tí kò mọ irọ́ pa. "Ẹ kì í lo kọ̀ǹpútà."

Àjàmú gbá orí mú. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, kí akọ̀wé tó ń tẹ lẹ́tà ní kọ̀ǹpútà, kí ọ̀gá àgbà má ní! Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹ̀rọ náà ti bí ìkarùn-ún, wọ́n sì sọ ọ́ ní Kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Àgbà.

Ọ̀rọ̀ wá kan bí wọn yóò ṣe pín mẹ́mórì. Mẹ́mórì ni ààyè tí kọ̀ǹpútà ń tẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ sí, bí aránṣọ ṣe ń tẹ́ aṣọ sórí tábìlì: tí tábìlì bá kéré, iṣẹ́ á máa fà. Ọ̀nà mẹ́rìndínlógún ni Wùnmí pín in sí. Ó fún sítọ́ọ̀ ní mẹ́jọ, ó pín ìyókù fún àwọn mẹ́rin tó kù. Ọ̀gá àgbà ka ìwé náà, ó bọ́ awò, ó nù ún, ó tún un kà. Ó wá dìde dúró.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó ní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn méjì péré ló wà níwájú rẹ̀, "èmi Bọ́láwárìn Ikúbọlájẹ́ kò ní jókòó kí ìlànà iṣẹ́ bàjẹ́ lójú mi! Ọlọ́run tó dá ìka ọwọ́ kò dá wọn dọ́gba. Bàdírátù tó wà ní sítọ́ọ̀, lẹ́fẹ̀lì karùn-ún ni. Èmi, lẹ́fẹ̀lì kẹrìndínlógún! Ẹ wá fẹ́ kí lẹ́fẹ̀lì karùn-ún gba ìpín mẹ́jọ, kí n máa wò ó lẹ́nu? Rárá o! Bí kọ̀ǹpútà bá ti wọ ilé-iṣẹ́ yìí, ó ti di òṣìṣẹ́. Bó bá sì ti di òṣìṣẹ́, ipò la ó fi pín nǹkan fún un!"

"Ọlọ́run ló rán yín sí wa, sà," ni Àjàmú wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Àwọn òyìnbó tó ṣe é gan-an, wọn ò ronú débẹ̀."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Wọn ò ronú débẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe pín in: Kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Àgbà gba mẹ́wàá. Ti lẹ́tà, tó wà lábẹ́ Àjàmú, gba mẹ́ta. Ti owó oṣù, ti yàrá títà àti ti sítọ́ọ̀ gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá àgbà tún fi àṣẹ lé e pé ọmọdé kì í jí ṣáájú àgbà, nítorí náà kọ̀ǹpútà kankan kò gbọdọ̀ jí kí tòun tó jí. Aago mẹ́wàá ni òun sì ń dé. Ó ní kí wọ́n gba ìwé ńlá tí Bàdírátù fi ń kọ ìwé tó wọlé àtèyí tó jáde lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, nítorí ayé ti là. Láti ìsinsìnyí lọ, ìwé kankan kò gbọdọ̀ jáde ní sítọ́ọ̀ àfi tí kọ̀ǹpútà bá tẹ ìwé àṣẹ rẹ̀.

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tí ọ̀gá àgbà ń fi ìpín mẹ́wàá ṣe. Káàdì ló ń ta. Eré káàdì kan wà nínú ẹ̀rọ náà tí ènìyàn ń dá ta, òun ló ń ta láti aago mẹ́wàá títí dìgbà tó bá ń lọ sílé. Kò sì jẹ rí.

Oṣù kẹsàn-án dé, ìwọlé àwọn ọmọ iléèwé sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Bàdírátù, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màmá Sítọ́ọ̀, ti lo ọdún méjìlélógún láàárín àwọn ìwé náà. Bí ẹ bá di ojú rẹ̀, yóò bá yín mú ìwé ìṣirò ọdún kẹrin. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò jẹ́. Ó tẹ orúkọ ìwé kan, ó jókòó, ó mu omi, ó dìde lọ kírun ọ̀sán, ó padà dé, ìwé àṣẹ kò tíì jáde. Àwọn olùkọ́ àgbà tò sẹ́nu géètì pẹ̀lú ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù.

"Màmá Sítọ́ọ̀, láti Mọ́níyà ni mo ti ń bọ̀ láti ìjẹta," ọ̀kan nínú wọn ní. "Ọjọ́ Mọ́ńdè làwọn ọmọ máa wọlé. Igba ọmọ ló wà lọ́wọ́ mi, kò sí ìwé kan ṣoṣo. Kí ni mo fẹ́ fi kọ́ wọn?"

"Ẹ má bínú, tíṣà. Mo rí ìwé yín. Ẹ̀yìn mi níbí ló wà. Wọn ò jẹ́ n fún yín ni."

Ó gun òkè lọ bá ọ̀gá àgbà. Ó fi ọdún mẹ́sàn-án ju baba yìí lọ, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi díẹ̀ kún ti sítọ́ọ̀. Àwọn ènìyàn ń jìyà."

"Bàdírátù." Bó ṣe pè é nìyẹn, láìsí màmá, láìsí ìyá. Ó dùn mí títí di òní. "Ṣé ìwọ ni o fẹ́ máa kọ́ mi níṣẹ́? Lọ kọ ọ́ sílẹ̀. Kó gba ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Àjàmú kọjá."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Èsì dé lọ́jọ́ kẹta: *Kọ̀ǹpútà Sítọ́ọ̀ kò tíì lo ọdún mẹ́ta lórí ipò tó wà. Nígbà tó bá pé, kó kọ̀wé béèrè fún ìgbéga, kó sì yege nínú ìdánwò.*

Màmá Sítọ́ọ̀ ká ìwé náà sọ́wọ́, ó lọ bá Wùnmí. "Ọmọ mi, ṣé kọ̀ǹpútà lè ṣe ìdánwò?"

"Tí wọ́n bá fún un ní mẹ́mórì, mà."

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ìwọlé ni alága fi ìbẹ̀wò sí. Ọ̀gá àgbà dé láago mẹ́sàn-án, nǹkan tí ojú kò rí rí ní Atọ́nà. Wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa láti géètì dé ìdí àtẹ̀gùn. Wọ́n lé àwọn olùkọ́ àgbà sóde kí ojú àlejò má baà rí wọn, wọ́n sì ti géètì. Ọkùnrin kan tó ń kọ pátákó ní Dùgbẹ̀, Ọlálẹ́yẹ lorúkọ rẹ̀, dúró ní kọ̀rọ̀ kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú agolo ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá àgbà ti sọ fún un pé: "Tí mo bá ti húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí o jáde wá, kí o pa ọ̀rọ̀ kan yẹn rẹ́ lójú gbogbo wọn." Ó fẹ́ kí wọ́n ya fótò ìgbà náà.

Àwọn òṣìṣẹ́ tò, wọ́n ń wo ojú ọ̀nà fún ọkọ̀ ńlá. Wọ́n wò títí, ọkọ̀ ńlá kò dé.

Ìdí ni pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Jẹ́jẹ́lọlá kì í gun ọkọ̀ ńlá. Ìjàpá Fòsíwágìn àtijọ́ kan ni màmá ń fúnra rẹ̀ wà. Ó bá géètì ní títì, ó rí ìlà ọkọ̀, ó lọ dúró sẹ́yìn ìlà bí ọmọlúàbí. Ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ pé kí ló ń ṣẹlẹ̀, ẹni náà sì ni tíṣà Mọ́níyà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó ti dúró fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kì í sọ̀rọ̀ ní ṣókí. Nígbà tí tíṣà fi máa sọ̀rọ̀ tán, màmá ti mọ gbogbo rẹ̀, títí kan ìdánwò kọ̀ǹpútà. Ó gba ẹnu ọ̀nà sítọ́ọ̀ wọlé, ó kí Màmá Sítọ́ọ̀, ó sì gun òkè lọ láìfi ẹsẹ̀ kan kápẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tí Ikúbọlájẹ́ gbọ́, tó sáré padà dé ọ́fíìsì rẹ̀, alága ti jókòó síbẹ̀. Wùnmí àti Àjàmú bá a wọlé. Òógùn bò ó, ṣùgbọ́n ó ti há ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí, kò sì ní jẹ́ kó ṣòfò.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n wa, ìyá ìmọ̀, òkun ọgbọ́n tí kì í gbẹ! Lónìí, èmi Bọ́láwárìn Ikúbọlájẹ́ fi ẹ̀rọ kan hàn yín tó jẹ́ márùn-ún. Ẹ̀yin aráyé lè béèrè pé, ta ló gbé àwọn mẹ́rin tó kù ró? Kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Àgbà ni! Òun ni òpó, òun ni òrùlé. Ọjọ́ tí kò bá sí, Atọ́nà parí!"

"Mo gbọ́," ni màmá wí. Ó yíjú sí Wùnmí. "Ọmọ mi, ṣé a lè rí iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe báyìí?"

Wùnmí tẹ bọ́tìnnì. Ìlà márùn-ún jáde lójú kọ̀ǹpútà. Ti sítọ́ọ̀ ti kún dé ọrùn. Ti ọ̀gá àgbà kò ju ìka kékeré lọ. Wùnmí ṣí i kí màmá rí ohun tó wà nínú rẹ̀, káàdì pupa àti dúdú sì tẹ́ rẹrẹ.

"Kí lèyí?"

"Ètò... ètò ìṣàkóso ni, mà," ni ọ̀gá àgbà wí.

"Wọ́n fi ń pọ́n ọpọlọ ni, mà," Àjàmú gbè é lẹ́sẹ̀.

"Tí a bá pa èyí, kí ni yóò bàjẹ́?"

Wùnmí wo ọ̀gá rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Iṣẹ́ oṣù rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Ṣùgbọ́n ó rántí tíṣà Mọ́níyà. "Kò sí, mà."

"Pa á. Kó ìpín rẹ̀ fún sítọ́ọ̀."

Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ pírínńtà sítọ́ọ̀ nísàlẹ̀, tó kọ́kọ́ húkọ́ díẹ̀, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké láìdákẹ́. Ìwé àṣẹ ń jáde, ọ̀kan ń ti ọ̀kan. Ariwo ayọ̀ sọ lẹ́nu géètì. Màmá lọ dúró lójú fèrèsé, ó ń wo píkọ́ọ̀pù bí wọ́n ṣe ń kó ìwé jáde. Ti Mọ́níyà ló ṣáájú.

Ikúbọlájẹ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ àrán rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì àbọ̀, kò sí ẹni tó ń wò ó. Àní Àjàmú gan-an ti rìn dé ojú fèrèsé.

"Ọ̀gbẹ́ni Ikúbọlájẹ́," ni màmá wí, kò yíjú padà, "ìgbà wo lẹ gba ìsinmi kẹ́yìn?"

"N kò gbà rí, mà, látìgbà tí mo ti wà lórí àga yìí. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọjọ́ tí n kò bá sí níbí, gbogbo nǹkan á dúró."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká dán an wò bí a ṣe dán tọ̀hún wò. Ẹ gba oṣù mẹ́ta."

Itọ́ há baba yìí lọ́fun. Ó húkọ́. Ó tún húkọ́. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ni Ọlálẹ́yẹ bá já wọlé tòun tọ̀dà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Mo ti dé, sà! Ṣé kí n pa á rẹ́?"

"Kí lẹ fẹ́ pa rẹ́?" ni màmá bi í.

Ọlálẹ́yẹ ká kàlẹ́ńdà sókè, ó nawọ́ sí "Adelé". Màmá wo ọ̀rọ̀ náà, ó wo ọ̀gá àgbà, àánú sì ṣe é díẹ̀. "Ẹ máa gbé ọ̀dà yín lọ ná," ó wí. "A ó ránṣẹ́ sí yín."

Oṣù mẹ́ta kọjá. Kò sí ohun tó dúró, kò sí ẹni tó béèrè ọ̀gá àgbà, ẹni tó ń gba awò sì ti ráyè sinmi ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí oṣù kejìlá tó parí, ìgbìmọ̀ kọ̀wé sí Ikúbọlájẹ́ ní Bódìjà pé kó máa sinmi lọ. Nígbà tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún tuntun, gbogbo wọn yí ẹ̀rọ náà ká tẹ̀rùtẹ̀rù. Ó jí, ó ní ọdún 2000 ni, kò ṣèèṣì. Wọ́n ti gbé e sọ̀kalẹ̀ sí yàrá kékeré ìsàlẹ̀. Ìwé ló ti kún ọ́fíìsì òkè dé òrùlé.

Ọlálẹ́yẹ padà dé pẹ̀lú agolo rẹ̀. Màmá Sítọ́ọ̀ ló bá níbẹ̀, Àjàmú sì ń bá a di kọ́kọ́rọ́ mú. Kàlẹ́ńdà 1999 ti kúrò.

"Màmá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n pa rẹ́ nígbà yẹn o."

"Ẹ pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́, kí ẹ wá kọ 'Ìwé Kíkà, Ọdún Kẹta' síbẹ̀."

"Ọlọ́run ló rán yín sí wa, mà," ni Àjàmú wí.

Ọlálẹ́yẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ó pa "Adelé" rẹ́ ráúráú, kò ku àmì, lẹ́yìn náà ló sọ̀kalẹ̀ lọ fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ omi. Fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi wà nísàlẹ̀, Ọ̀GÁ ÀGBÀ nìkan ló kù lára ilẹ̀kùn náà, ó dá dúró gedegbe, kò sì sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀ àfi ìwé.